Ẹ Bi Omi Kí Ẹ Tó Tẹ́ Bíríkì: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín lórí Ọ̀nà Inú Ọgbà àti Ibi Ìjókòó Ìta

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tí ẹ kọ ló ń béèrè irú bíríkì tó rẹwà àti àwọ̀ tó bá ilé mu. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú bíríkì ni iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni, omi ló sì máa ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi fi lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí ṣíwájú gbogbo ìyókù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò tíì pé ọdún méjì tí a tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì (bíríkì ilẹ̀) sí iwájú ilé wa tó ti rì níbi mẹ́ta, omi sì ń dúró níbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹni tó tẹ́ ẹ ní ká po sìmẹ́ńtì, ká fi dí ojú ibi tó rì. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi bo bíríkì kì í pẹ́ là. Tó bá ti là, omi á tún gba ojú rẹ̀ wọlé, ẹ ò sì ní lè yọ bíríkì náà láìfọ́ ọ mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tó wà lábẹ́ ni kí ẹ lọ wò.

Ẹ yọ bíríkì ibi tó rì, kí ẹ sì yọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta kún un yíká, torí ibi tó bàjẹ́ lábẹ́ máa ń fẹ̀ ju ohun tí ojú rí lókè. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń ṣòro. Ẹ ki irin pẹlẹbẹ méjì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jáde. Ẹ kó iyanrìn abẹ́ rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi gìgísẹ̀ tẹ ohun tó kù mọ́lẹ̀ gidigidi.

Bí ó bá le, tí kò mì, a jẹ́ pé iyanrìn nìkan ló lọ. Ẹ wá ibi tó gbà lọ. Ó lè jẹ́ pé etí iṣẹ́ náà kò ní ohun tó há a mọ́: bíríkì á máa sún síta, àlàfo àárín wọn á máa fẹ̀, omi á sì máa wọ́ iyanrìn jáde. Ó lè jẹ́ omi òrùlé tó ń dà sójú kan ṣoṣo. Ó sì lè jẹ́ pé òkúta fífọ́ tí wọ́n kó sísàlẹ̀ kò ní eruku òkúta nínú. Òkúta tí kò ní eruku dà bí asẹ́. Iyanrìn tó wà lórí rẹ̀ á máa jò wọ inú àlàfo títí bíríkì yóò fi jókòó sórí òfìfo.

Bí ó bá rọ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀ yín, ọ̀ràn náà jinlẹ̀ ju ti iyanrìn lọ. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ dúdú ni wọn kò kó tán. Gbòǹgbò àti ewé tó wà nínú ilẹ̀ yẹn ń jẹrà, bí wọ́n sì ti ń jẹrà ni ilẹ̀ ń fún, tí bíríkì ń bá a lọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òkúta ni wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n wá gún orí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgúnlẹ̀ kékeré kì í ki ilẹ̀ dáadáa ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lọ lẹ́ẹ̀kan. Òkè á le, ìsàlẹ̀ á wà ní fúlẹ́fúlẹ́. Ẹ wa ibi tó rọ̀ náà kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle, kí ẹ dá òkúta fífọ́ padà ní ìpele ìpele, kí ẹ máa gún ìpele kọ̀ọ̀kan kí òmíràn tó lé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ da iyanrìn oníhóró líle, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sáńdì, sórí rẹ̀. Iyanrìn kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kò dára níbí, nítorí ó ń gba omi mọ́ra, ó sì ń rọ̀. Tí ẹ bá dá bíríkì padà, ẹ jẹ́ kí ó fi nǹkan bíi mìlímítà 5 sí 10 ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí tí ẹ̀rọ bá gún un, yóò wálẹ̀ bá wọn. Ẹ gbá iyanrìn gbígbẹ wọ àárín wọn. Bí ẹ kò bá sì darí omi òrùlé sínú gọ́tà, a ó tún gba lẹ́tà yín.

Ìbéèrè: Ilé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹ̀yìnkùlé ṣì jẹ́ ilẹ̀ gbalasa. A fẹ́ ọ̀nà ẹsẹ̀ láti ilé ìdáná dé ibi tí a ń sá aṣọ sí, àti pátíò, ìyẹn ibi ìjókòó ìta, tí ènìyàn mẹ́fà yóò lè jókòó jẹun. Ọmọ mi ya ọ̀nà náà ní wọ́gọwọ̀gọ kí ó lè dùn ún wò. Báwo ló ṣe yẹ kí ó fẹ̀ tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ má tíì tẹ́ nǹkan kan. Ẹ máa rìn lórí ilẹ̀ yẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì wo ibi tí ẹsẹ̀ ń là. Ẹni tó gbé agbọ̀n aṣọ tútù kì í yípo. Tí ọ̀nà bá wọ́ láìnídìí, àbùjá ni gbogbo ilé yóò máa gbà, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á kú, ọ̀nà olówó yín á sì di ohun ìwòran. Kò burú kí ọ̀nà yí, àmọ́ kí ó ní ohun tó ń yí ká: igi kan, ebè òdòdó, ìkòkò omi ńlá. Ọmọ yín lè gbin nǹkan sí ibi tó fẹ́ kí ọ̀nà ti yí. Kí ẹ tó fi eérú sàmì sílẹ̀, ẹ fi rọ́bà omi gígùn ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ wò ó láti ojú fèrèsé pẹ̀lú.

Ní ti fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 90 tó fún ẹnì kan tó gbé ẹrù. Bí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn méjì máa rìn pọ̀, ẹ ṣe é ní 120 sí 150. Ọ̀nà tó jẹ́ fún bárò nìkan lè jẹ́ 75, ṣùgbọ́n kí ó má dín sí i. Tí ẹ bá máa gbin nǹkan sétí ọ̀nà, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún bí yóò ṣe tóbi lọ́dún kẹta, ẹ má wo bí ó ti rí lónìí.

Ibi ìjókòó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣèṣì, torí wọ́n ń wọn tábìlì, wọn kò wọn àga. Ẹ gbé tábìlì àti àga yín gan-an síta. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn mẹ́fà jókòó, kí wọ́n fa àga sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ dìde, kí ẹlòmíràn sì gbé àwo gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn etí tábìlì ń fẹ́ nǹkan bíi mítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tábìlì ènìyàn mẹ́fà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó gùn ní 180, yóò gba nǹkan bíi mítà 3 ní fífẹ̀, mítà 4 ní gígùn. Ohun tó bá kéré sí èyí, ẹsẹ̀ àga á máa jábọ́ sínú ilẹ̀.

Mítà 3 lọ́nà 4 tún rọrùn láti fi okùn mú gún: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ 3, tí èkejì jẹ́ 4, láti igun dé igun gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 5 géérégé. Ẹ wọn ọ̀nà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ju èkejì, igun yín ti wọ́, ìlà bíríkì tó kẹ́yìn ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ wo oòrùn ní àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ó fi sí. Ẹ wádìí ibi tí páìpù omi, wáyà iná àti ihò ìdọ̀tí gbà, torí ideri ihò ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ bíríkì. Kí ojú pátíò sì fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ibi tí ìdènà ọ̀rinrin wà lára ògiri lọ. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀, omi òjò tó ń ta sókè á máa rin ògiri, ọ̀dà inú ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí ibi ìjókòó mítà 3 lọ́nà 4. Ẹ bá mi ṣírò ohun tí màá rà. Ọ̀nà wo ni kí n gbà mú un dagẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ sísàlẹ̀. Bíríkì tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 6 (ti ọkọ̀ ni 8). Iyanrìn abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 4, òkúta fífọ́ sì jẹ́ 10 lẹ́yìn tí ẹ bá ti gún un tán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 20 ni ẹ ó wà. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀ tó ń wú lásìkò òjò, ẹ sọ òkúta di 15. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 wà kọjá etí níbi tí bíríkì etí máa jókòó sí.

Mítà 3 lọ́nà 4 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 12. Ilẹ̀ tí ẹ ó wà jáde tó mítà kúbíkì 2.4, ó sì máa ń wú tí a bá ti wà á, torí náà ẹ ṣètò ibi tí ẹ ó kó nǹkan bíi 3 sí. Òkúta fífọ́ jẹ́ 1.2, ẹ fi ìdá mẹ́rin kún un nítorí gígún, ó di 1.5. Iyanrìn tó 0.5, ẹ ra 0.6. Bárò kan gba nǹkan bíi lítà 65, bárò 15 ló ń kún mítà kúbíkì kan; ẹ ti mọ iye ìgbà tí ẹ̀yìn yín yóò tẹ̀. Bíríkì oníwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 lọ́nà 10 jẹ́ 50 nínú mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn 600. Ẹ ra 630. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ẹ ní igun sí igun, gígé rẹ̀ pọ̀, ẹ ra 660. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa mú láti inú òkìtì mẹ́ta pa pọ̀, torí àwọ̀ bíríkì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í bára mu pátápátá.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Kí ojú rẹ̀ máa fi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì wálẹ̀ nínú mítà kan, láti ara ògiri lọ síta. Fún mítà 3 tiyín, sẹ̀ǹtímítà 5 dára. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n. Ẹ kan èèkàn sí ara ògiri àti sí etí tó jìnnà. Ẹ rọ omi kún rọ́bà tó mọ́ gaara, kí ẹ rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì sára èèkàn méjèèjì. Ibi tí omi dúró sí lára wọn ló dọ́gba. Láti ojú àmì èèkàn ìta, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ ta okùn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ di mú jù lọ nìyí: isàlẹ̀ ihò náà àti ojú òkúta gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ bákan náà. Àwọn kan máa ń tẹ́ òkúta kí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí wọ́n á wá fi iyanrìn ṣe ìdagẹ̀rẹ̀. Iyanrìn á wá nípọn ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ibi tó nípọn á sì rì ju ibi tó fẹ́lẹ́ lọ, títí pátíò yóò fi máa da omi sí ilé padà.

Tí òkúta bá ti ki, ẹ fi kọnkéré mú bíríkì etí dúró kí ẹ tó tẹ́ ti àárín. Ẹ tẹ́ páìpù irin méjì tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4 sórí òkúta, ẹ da iyanrìn sáàárín wọn, kí ẹ fi pákó gígùn tó tọ́ gbá ojú rẹ̀ lọ lórí páìpù. Ẹ yọ páìpù, ẹ dí ojú ibi tó wà, ẹ má sì tẹ iyanrìn náà mọ́. Orí bíríkì tí ẹ ti tẹ́ ni kí ẹ dúró lé bí ẹ ti ń lọ síwájú. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 2 sí 5 sílẹ̀ láàárín bíríkì. Bí wọ́n bá fara kanra gbagbaagba, etí wọn á máa fọ́. Ẹ gún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbá iyanrìn gbígbẹ wọ inú àlàfo, ẹ tún un gún. Lẹ́yìn oṣù kan, iyanrìn àárín á ti wọlẹ̀, ẹ tún gbá òmíràn sí i.

Ìbéèrè: Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo dà sí ọ̀nà ọgbà mi, ó nípọn dáadáa, ó tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹsẹ̀ ń rì nínú rẹ̀, bárò kò lè kọjá, koríko sì tún ń hù.

Ìdáhùn: Nínípọn rẹ̀ ni wàhálà. Sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 tó, lórí òkúta fífọ́ tí ẹ ti gún. Ẹ kó ìdajì kúrò. Ẹ wo irú rẹ̀ pẹ̀lú: òkúta odò tó rí roboto ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹ ti wù kí ẹ gún un tó, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ fọ́, tó ní igun, máa ń wọ ara wọn. Mìlímítà 10 sí 20 ni kí ẹ béèrè.

Aṣọ tí omi ń gbà kọjá ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá ń sọ ọ̀nà di adágún. Ẹ má sì retí pé aṣọ náà yóò pa koríko rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí òkúta má bàa rì wọ inú ilẹ̀. Irúgbìn koríko láti ojú ọ̀run ló ń bọ̀, ó ń hù nínú ewé tó jẹrà sáàárín òkúta. Ẹ máa gbá ewé kúrò, kí ẹ sì máa fi ọkọ́ ha ojú rẹ̀ nígbà tí koríko ṣì kéré. Etí ọ̀nà ní láti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ga ju òkúta lọ. Bí ilẹ̀ yín bá dagẹ̀rẹ̀ gan-an, tó fi ju sẹ̀ǹtímítà 8 wálẹ̀ nínú mítà kan, òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ ló yẹ ibẹ̀. Òjò á kó gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Gbòǹgbò igi ti gbé ọ̀nà wa sókè. Ṣé ká gé e?

Ìdáhùn: Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbòǹgbò tó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ wà lára ohun tó ń mú igi dúró nínú ìjì. Bí ẹ bá gé e nítòsí ìdí igi, ó lè wó lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì lè jẹ́ sórí ilé. Ẹ yọ bíríkì ibẹ̀, kí ẹ sì yí ọ̀nà kúrò bí àyè bá wà. Bí kò bá sí, ẹ gbé ojú ọ̀nà sókè díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ó gba orí gbòǹgbò kọjá, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí òkúta pẹlẹbẹ tó jókòó sórí iyanrìn ṣe é. Ẹ má da kọnkéré yí ìdí igi ká; gbòǹgbò ń mí, ó sì ń mu omi láti òkè.

Ìbéèrè: Ìyẹ̀fun funfun ń yọ lójú bíríkì tuntun wa. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Omi ló ń gbé iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì jáde, tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á dúró lójú bíríkì. Ẹ fi ìgbálẹ̀ líle gbá a nígbà tó bá gbẹ. Yóò dín kù fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ẹ má fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ó ń jẹ sìmẹ́ńtì.

Ìbéèrè: Ọgbà wa fi sẹ̀ǹtímítà 60 rẹlẹ̀ ju pátíò lọ. Àtẹ̀gùn mélòó ni?

Ìdáhùn: Mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 15. Ìlọ́po méjì gíga pẹ̀lú ibi ìtẹ̀sí ẹsẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 60 sí 65. Níbí, ibi ìtẹ̀sí ẹsẹ̀ yóò jẹ́ 35. Gíga wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn méjì, ẹsẹ̀ ti mọ gíga tó ń retí, èyí tó bá yàtọ̀ ló ń gbé ènìyàn ṣubú. Kí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ síwájú kí omi má bàa dúró.

Ìbéèrè: Bàbá mi ń lo àga onítáyà. A fẹ́ ọ̀nà kọnkéré mítà 10 láti géètì dé ẹnu ọ̀nà. Kọnkéré aládùúgbò wa là káàkiri, ó sì ń yọ̀. Báwo ni tiwa kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, pẹ̀lú àyè 150 lọ́nà 150 ní iwájú ilẹ̀kùn kí àga lè yí. Ní gígùn rẹ̀, kí ó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ nínú mítà kan; tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àga á rẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ ju 2 nínú mítà lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àga á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kọnkéré sẹ̀ǹtímítà 10 tó, lórí òkúta fífọ́ tó ki. Fún mítà 10, mítà kúbíkì 1.2 ni. Ẹ pò ó ní sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, òkúta 3. Yóò gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 9 oníkílò 50. Omi kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi lítà 25 lọ fún àpò kan, kí ó sì dín sí i bí iyanrìn bá tutù. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn kọnkéré tó ń ṣàn torí ó rọrùn láti tẹ́, ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ jù ló ń sọ ojú rẹ̀ di eruku, tó sì ń mú un là.

Kọnkéré gbogbo ló ń fún bí ó ti ń gbẹ, torí náà yóò là. Iṣẹ́ yín ni láti sọ ibi tí yóò ti là fún un. Ẹ fa ìlà tó jinlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ kọjá ọ̀nà náà ní gbogbo mítà 1.2 sí 1.5, nígbà tó ṣì tutù. Lára ògiri ilé, ẹ fi fóòmù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan sáàárín kí wọ́n má bàa máa ti ara wọn.

Ti yíyọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin dán ojú rẹ̀. Tí omi ojú rẹ̀ bá ti lọ, ẹ fa ìgbálẹ̀ líle kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kì í ṣe ní gígùn, kí táyà lè rí ibi dì mú. Ẹ fi ọ̀rá tàbí àpò tútù bò ó ní kété tó bá dì, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ 7 gbáko. Ẹ lè rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n kí àga bàbá dúró di ọjọ́ kẹjọ.